Ọmọ Mi, Má Fi Iná Sí Oúnjẹ Ilẹ̀

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù ti gbà ọ́ lọ́kàn. Wọ́n ní o rí i lórí fóònù pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà lókè òkun tí ń sanwó fún àgbẹ̀ torí pé ó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀, o sì ti ń bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ léèrè káàkiri Natako ní Lọ́kọ́ja níbí bóyá òótọ́ ni, tàbí ọgbọ́n àwọn tí ń fi ẹnu dídùn gba tọwọ́ ẹni. Ìbéèrè ọmọ tó ní làákàyè ni. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní yá wéré, nítorí ẹni tó bá fi ìkánjú gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, owó nìkan ni etí rẹ̀ yóò gbé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rọra pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Fa àpótí yẹn sún mọ́ mi.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá gbé ìwé ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ wa lónìí, tó ní, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ kábọ́ọ̀nù rí?", ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kàn mi orí ni, òun náà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ibí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó bèèrè ìdí tí a fi ń dá igi igbá sí láàárín oko ọkà bàbà, ká ní ó bi ìyá àgbà léèrè ohun tó ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ká ní ó bèèrè ìdí tí àwọn baba wa fi ń ṣí kúrò lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n á jẹ́ kí igbó padà bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún kàn án lọ́kọ́, ìwé rẹ̀ ì bá má gba ìdáhùn tí à bá fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣókùnkùn sí wa ni bí ilẹ̀dú oko wa ṣe kan ojú ọ̀run, àti ẹni tó jókòó sí ìlú òyìnbó tó fẹ́ sanwó rẹ̀.

Má wá tìtorí ìyẹn gbé àyà sókè pé a ti mọ̀ ọ́n tán. Ọgbọ́n àwọn baba wa ní apá méjì. Wọ́n ń fi iná sungbó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iná náà, ilẹ̀ ń sinmi ọdún méje, ọdún mẹ́wàá, kí igi àti koríko tó hù níbẹ̀ lè san gbèsè tí iná jẹ. Ìwọ náà ń wo Natako tí a wà yìí, lẹ́bàá ọ̀nà Àbújá: ibi tó jẹ́ oko lánàá ti di búlọ́ọ̀kù àti páànù, àwọn tí omi lé kúrò létí odò ń wá ilẹ̀ gíga, èyí tó kù fún ọkọ́ àti àdá kò pọ̀ mọ́, orí ojú kan náà la sì ń dá lọ́dọọdún. A mú iná nínú ọgbọ́n àwọn baba wa, a fi ìsinmi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń ṣá, tí iṣu tó ń tó apá ọkùnrin tẹ́lẹ̀ fi ń súnkì, tí àpò fatiláísà kan tí owó rẹ̀ ń gun òkè lójoojúmọ́ kò fi lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà kan.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí kò le. Ewé àgbàdo tí o ń wò yẹn, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Oòrùn ràn án, gbòǹgbò fa omi wá fún un, òun náà fa afẹ́fẹ́ tó ní kábọ́ọ̀nù nínú wọlé, ó fi ṣe pòròpórò, ó fi ṣe ewé, ó fi ṣe ọmọ. Bí pòròpórò náà bá gbẹ dáadáa tí o gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ìwúwo rẹ̀ tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Jẹ́ kó jẹrà sórí ilẹ̀: ikán, ekòló àti àwọn kòkòrò tí ojú wa kò tó yóò jẹ nínú rẹ̀, apá tó pọ̀ yóò padà sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù tí yóò di ilẹ̀dú, tó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí a kò bá da ilẹ̀ láàmú. Ṣáná sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò ti gòkè lọ kí o tó fi apá nu ojú, eérú ló kù sílẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ayé yìí ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára gbogbo igi àti koríko lọ, bó o bá pa wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ti pọ̀ jù lójú ọ̀run ló ń mú ayé gbóná, nítorí náà àgbẹ̀ tó bá kó díẹ̀ nínú rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ ti ṣe aráyé lóore, àwọn kan sì ní àwọn á san oore náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní torí èyí bú iná fún ọ, nítorí iná ti bá wa ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹni tó ní àdá kan ṣoṣo, tí kò lówó alágbàṣe, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń sú lókè, kí lo fẹ́ kó ṣe sí igbó tó ga ju orí rẹ̀ lọ? Eérú máa ń mú oko ọdún kìíní dára, iná ń lé ejò, ó ń lé òkété jáde fún ọdẹ, ó ń jó èso èpò. Ohun tí mo ní sí iná ni pé ìgbà kan ṣoṣo ló ń fúnni, tí yóò sì gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni. Òjò ńlá méjì àkọ́kọ́ ti wẹ eérú náà lọ sódò, ohun tí ìbá di ilẹ̀dú ti di èéfín, ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò lábẹ́ oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà. Iná ọyẹ́ kò sì mọ ààlà. O ṣáná sí igun oko tìrẹ, afẹ́fẹ́ gbé e, ó di inú oko kajú ẹlòmíràn lásìkò tí kajú ń tanná, iṣẹ́ ọdún kan lọ láàárín ìṣẹ́jú. Ìpínlẹ̀ Kogí yìí wà lára àwọn tó ń mú kajú jáde jù lọ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn tó ń tà á ni mo ti ń gbọ́ lọ́dọọdún pé iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́, kòkòrò ló tẹ̀ lé e. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n à ń fi í sétí oko lọ sí ọjà.

Bí o bá rò pé àgbà kàn ń fi ẹnu dà ọ́ láàmú ni, dán èyí wò fúnra rẹ. Lọ sábẹ́ kajú tó ti dàgbà, tí iná kò wọ̀ fún ọdún púpọ̀, níbi tí ewé gbígbẹ ti tẹ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ ń rì díẹ̀. Fi ọwọ́ yọ ewé náà kúrò, kí o mú ògúlùtu ilẹ̀ kékeré kan tó tó ọmọ awúsá. Kọjá sí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń ro tí wọ́n ń jó lọ́dọọdún, kí ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kí o mú òmíràn níbẹ̀. Sá méjèèjì síbi tí òjìji wà títí wọn yóò fi gbẹ tán. Wá bu omi tó mọ́ sínú gíláàsì méjì, rọra gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́, jókòó tì í. Èyí tó wá láti oko jíjó yóò kọ́kọ́ máa hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò máa yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ yóò ya, ìdí rẹ̀ yóò wó, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ẹrẹ̀ nílẹ̀ gíláàsì, omi rẹ̀ yóò sì pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí o kò ní rí ìka rẹ lódì kejì. Èyí tó wá lábẹ́ kajú yóò jókòó sínú omi tirẹ̀, bóyá kí díẹ̀ já lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní túká bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀dú àti okùn tíńtìntín tí gbòǹgbò àti olú ń ta sínú ilẹ̀ ló dì í mú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń lu oko, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ebè rẹ: ilẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú ń túká, ó ń dí ojú ara rẹ̀, omi kò rí ibi wọ̀, ó ń sáré lọ, ó sì ń gbé ilẹ̀ rẹ dání lọ sí odò Ọya. Ilẹ̀ kejì ń mu omi tirẹ̀ pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò bá dá lẹ́yìn tí àgbàdo ti hù, èyí tó mu omi ni yóò bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Lọ́kọ́ja kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún un pé ayé ń yí padà. Ní 2012, Ọya àti Bẹ́núè kún papọ̀, omi gba títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá, ó wọ ilé, ó gbé àkùrọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tó wà lórí rẹ̀ lọ; káàkiri Nàìjíríà, ó lé ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 2022, ó tún padà dé, títì yìí náà ló tún bò, ó sì pa ju 600 ènìyàn lórílẹ̀-èdè yìí. N kò ní parọ́ fún ọ pé pàǹtí oko Natako lè dá odò méjì dúró, omi tó ń ti Kamẹrúùnù àti Nìjẹ̀ bọ̀ kò bá wa ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: ilẹ̀ tó ń ya lọ láti oko gíga, àkùrọ̀ ọmọ ìyá wa tó wà nísàlẹ̀ ló ń dí, òun ló sì ń mú odò fẹ̀ tí kò jin mọ́.

Wàyí o, bí ọ̀rọ̀ bá dára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn tó gbọ́ ọ kò ṣe é? Ibí yìí ni kí o ti fọkàn bá mi lọ, nítorí àwọn tó ń kọ ìwé nípa àgbẹ̀ máa ń yára sọ pé àìmọ̀kan ni. Ìtàn kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, Ọ̀mọ̀wé B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń gbin àgúnmániyè àti igi leucaena ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń gbin àgbàdo sí àárín ẹsẹ̀ igi méjì, bí igi bá ti ń ga wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á da ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀ kó jẹrà fún àgbàdo. Iṣẹ́ náà dára nínú oko tiwọn. Ilẹ̀ kò ṣá, fatiláísà tí wọ́n ń lò dín kù, òkìkí rẹ̀ kàn ká Áfíríkà. Nígbà tó dé ọwọ́ àgbẹ̀, kò tàn bí wọ́n ṣe rò. Ìdí? Àsìkò tó yẹ kí ènìyàn gé igi náà gan-an ni àsìkò tó ń ro iṣu, ọwọ́ méjì péré la sì dá mọ́ni. Ìdí kejì le ju ìyẹn lọ: nílẹ̀ wa, ẹni tó gbin igi ń sọ fún aráyé pé òun ló ni ilẹ̀. Àgbàdo kì í fa ẹjọ́, iṣu kì í fa ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tó wá lọ gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀ràn. Àgbẹ̀ tó kọ igi wọn mọ ohun tó ń ṣe dáadáa.

Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Mono, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, àwọn olùwádìí sì mú mucuna wá, ẹ̀yà wèrèpè tí kì í yúnni lára, kí wọ́n máa gbìn ín kó lè bo ilẹ̀ kó sì sọ ọ́ di ọlọ́ràá. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àgbẹ̀ létí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí mucuna bá gbà, èkan kì í gbérí níbẹ̀. Ìwọ mọ èkan! Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ wa gbòǹgbò rẹ̀ rí, tí ẹnu rẹ̀ gún un lábẹ́ ẹsẹ̀, tó tún padà débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, yóò gba ohunkóhun tó bá lè pa á. Láàárín ọdún mélòó kan, láti orí àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ dán an wò, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀. Ìdí kan tí kò fi gba gbogbo ayé kan ni pé hóró rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sè jẹ bí ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ onílẹ̀ kékeré kò lè fi sáà kan gbáko gbin ohun tí ẹnu kò ní jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ gba nǹkan, kó wá ohun tó ń dun àgbẹ̀ lónìí, kó fi èyí tí yóò wúlò lọ́la so mọ́ ọn nídìí.

Ìtàn kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, lágbègbè Maradi, ìjọba àti àwọn ẹlẹ́sìn ti gbin igi títí ó ti sú wọn, igi ń kú, iyanrìn ń bọ̀. Ní 1983, ọ̀gbẹ́ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, kíyè sí i pé ohun tó wà káàkiri tí òun rò pé èpò lásán ni kì í ṣe èpò, kùkùté igi àtijọ́ ló ń rúwé, tí àgbẹ̀ ń gé e dànù lọ́dọọdún. Ó ní kí wọ́n yé gbin igi. Kí wọ́n yan ọ̀mùnú méjì, mẹ́ta tó dúró dáadáa lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n jẹ́ kí èyí tí wọ́n yàn dàgbà. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: òfin ìgbà náà ní ìjọba ló ni igi, àgbẹ̀ sì mọ̀ pé bí igi bá tóbi tán, ẹ̀ṣọ́ igbó ni yóò wá fi í mú òun. Nígbà tí ìjọba dẹwọ́ lára òfin náà, tí àgbẹ̀ mọ̀ pé tòun ni igi tó wà lóko òun, ọ̀rọ̀ náà tàn fúnra rẹ̀ láti oko dé oko, títí tó fi bo nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Kùkùté igbá àti ti emi tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fi àdá bẹ́ lórí lọ́dọọdún, tí ẹ tún ń wú gbòǹgbò rẹ̀ ṣe èédú, ǹjẹ́ o rí i pé ọ̀rọ̀ Maradi ń bá wa wí?

Èyí ló mú wa dé orí ohun tí Natako fi le. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń roko níbí, Yorùbá Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọn o, Núpé ni o, Ẹ̀bìrà ni o, Bàsà ni o, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé wọn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà fún gbogbo ará ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbin igi, baálé kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí, gómìnà kọ́ nìyẹn. Ti àwọn obìnrin tún burú jù bẹ́ẹ̀: ìyá tó ti ń gbin ẹ̀gúsí sójú kan náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé, tó bá fi ọdún mẹ́ta da ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí sí i tí ó dúdú, ẹ̀gbọ́n ọkọ lè dé lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wàásù kábọ́ọ̀nù tí kò dá sí ọ̀rọ̀ yìí, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n. Àwọn darandaran náà wà ńbẹ̀. Pòròpórò tí o fi sílẹ̀ kó bo ilẹ̀, màlúù ló rí i ní oúnjẹ; òwe ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, a lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹran jẹ apá kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú lórí oko kí ìgbẹ́ rẹ̀ kù síbẹ̀. Láyé ìgbà kan irú àdéhùn yẹn wọ́pọ̀. Lónìí, ó gba kí àgbààgbà ìhà méjèèjì jókòó.

Owó tí o ń wò lókèèrè wá ńkọ́? Ó wà. Ní Kẹ́ńyà, lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Vi Agroforestry kó nǹkan bí 60,000 àgbẹ̀ kéékèèké jọ lórí ilẹ̀ tó tó 45,000 hẹ́kítà, Báǹkì Àgbáyé bá wọn ra kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ wọn, ní 2014 sì ni wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí tí a lè tà. Bá mi ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó hẹ́kítà kan. Oko tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í kó ju tọ́ọ̀nù kan tàbí méjì afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù pamọ́ lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, tọ́ọ̀nù kan sì ni ìwé ẹ̀rí kan, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là mélòó kan. Yọ owó àwọn tó wọn ilẹ̀ kúrò, yọ owó àwọn tó kọ ìwé, yọ ti àwọn tó wá yẹ ìwé náà wò. Ohun tó kù fún àgbẹ̀ kò ju owó iyọ̀ àti ọṣẹ lọ. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà gan-an kò fi pa mọ́ pé àgbàdo tó pọ̀ sí i lóko ni èrè gidi, owó kábọ́ọ̀nù kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Bí o bá torí owó yẹn bẹ̀rẹ̀, ọdún kejì ni wàá fi í sílẹ̀; bí o bá torí iṣu rẹ bẹ̀rẹ̀, owó náà lè bá ọ lójú ọ̀nà.

Àwọn oníṣòwò kábọ́ọ̀nù yóò wá bá wa níbí náà o. Nàìjíríà ti ṣe Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ ní 2021, ó sì ti ṣèlérí lójú gbogbo ayé ní Glasgow lọ́dún náà pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí orílẹ̀-èdè yìí ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tó lè kó padà lọ. Ètò ìtọ́jú ilẹ̀ ACReSAL tí Báǹkì Àgbáyé ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sì kan ìpínlẹ̀ 19 ní Àríwá pẹ̀lú Àbújá, Kogí wà nínú wọn. Níbi tí irú owó báyìí bá ti ń rìn, oníṣẹ́ tòótọ́ àti oníjìbìtì á jọ wọ ẹ̀wù kan náà, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó kọ orúkọ oko rẹ, kí i kó máa lọ. Ẹni tí kò bá gba owó, má tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀: gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀wé tó sì fẹ́ràn rẹ, kó kà á sókè ní èdè tí ìyá rẹ gbọ́. Bèèrè iye ọdún tó dè ọ́ mọ́lẹ̀, nítorí àwọn ìwé kan ń de ni fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná ẹlòmíràn bá wọ oko rẹ, tàbí bí omi bá gbé e. Bèèrè ta ni yóò mú owó, onílẹ̀ ni tàbí ìwọ tó ń ro ó. Bí ó bá ń yí orí, ìwọ náà yí ẹ̀yìn.

Ní tèmi, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo fẹ́ kí o mójú tó kí a tó sọ ti ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ro etí oko kajú yí ká kí ọyẹ́ tó le, kó fẹ̀ tó kí iná má lè fò ó. Nínú oko àgbàdo, igun kan péré ni kí o fi dán an wò, má dá gbogbo oko dé ibi tí ojú kò tíì mọ̀: má jó pòròpórò ibẹ̀, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbá ilẹ̀ mọ́ra, gbin ẹ̀wà tàbí òtìlì sí àárín rẹ̀ bí òjò bá dé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi katakata tú u. Èpò yóò yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún kìíní, n kò ní tàn ọ́. Ekòló ni kí o máa wò.

Ti kùkùté igbá àti emi tó wà lápá òkè oko, má tíì fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́ lọ bá onílẹ̀. Mú obì dání, mú ẹnì kan tó dàgbà jù ọ́ lọ lọ́wọ́ tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí, kí o sọ fún un pé o fẹ́ dá igi sí lórí ilẹ̀ rẹ̀, pé tirẹ̀ ni igi, kí ẹ wá sọ ọ́ ní gbangba bí ẹ ó ṣe máa pín ìrú àti òrí tó bá ti ibẹ̀ jáde. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o lọ, má sì lọ lọ́jọ́ ọjà, kò ní sí nílé.